Ife, Òṣùwọ̀n àti Ìwé Kékeré: Títọ́jú Ọmọ tí Kíndìnrín Rẹ̀ Ń Ṣàárẹ̀ Nínú Ilé

  Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iná, ẹ má tíì pa rédíò yín, ọ̀rọ̀ ìdí iná wà nínú ohun tí mo bá wá.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lálẹ́ òní ni àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń ṣàárẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ohun tí à ń ṣe ní ọsibítù. Ọmọ tí wọ́n ní kó máa wá rí dókítà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọjọ́ kan ṣoṣo ló lò lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ 29 yòókù, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà, tàbí ọwọ́ bàbá, tàbí ọwọ́ ìyá àgbà tó ń bá wọn mójú tó o. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ yìí, tó ń bu omi fún un, tó ń jí i lóru kó lè tọ̀, òun gan-an ni nọ́ọ̀sì rẹ̀. Òun ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ iṣẹ́ kíndìnrín. Méjì ni wọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù ẹni tó ni ín. Asẹ́ tíntìntín tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi mílíọ̀nù kan. Lára àgbàlagbà, omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó 180 lítà. Wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ara, lítà kan sí méjì péré ni yóò di ìtọ̀. Iṣẹ́ wọn ò sì tán síbẹ̀. Àwọn ló ń wọn iyọ̀ inú ara. Àwọn ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Fítámì D tí oòrùn ń fún wa, àwọn ló ń sọ ọ́ di ohun tí egungun lè lò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ fi ń funfun lójú àti àtẹ́lẹwọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ́, tí ọmọ ọdún 10 á fi rí bí ọmọ ọdún 6. Mo ti rí èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní àbíkú. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé kiri ilé àdúrà fún ọdún méjì, tí ẹnì kankan ò gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ike kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí àìdá kíndìnrín bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, àwọn dókítà á pè é ní ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Ní ìpele karùn-ún, agbára tó kù nínú rẹ̀ kò tó 15 nínú 100. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ṣeé dá padà. Èyí tó ṣẹ́ kù ṣeé dáàbò bò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé sì ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, irú ọmọ méjì ni mo ti rí jù. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí asẹ́ kíndìnrín wọn ń jò, tí purotéènì ń bá ìtọ̀ lọ, tí ìtọ̀ wọn ń hó bí omi ọṣẹ, tí ojú wọn ń wú bí ilẹ̀ bá mọ́. Èkejì ni àwọn ọmọkùnrin tí awọ fẹ́lẹ́ kan ti dí ọ̀nà ìtọ̀ wọn láti inú oyún. Ẹ̀yin ìyá ọmọkùnrin, ẹ máa wo bí ó ṣe ń tọ̀. Ìtọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ dá a máa ta jáde bí ọfà. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń kán tó, tó, tó, tí ọmọ sì ń fún ara mọ́ ọn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ìyà ò jẹ irú ọmọ méjèèjì bákan náà, ohun tí mo fẹ́ sọ jù lálẹ́ yìí sì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ òkìrìkà. Ọmọkùnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó wà lára àwọn tí ọ̀nà ìtọ̀ wọn dí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àmọ́ kíndìnrín ti fara gbọgbẹ́ kó tó di pé wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń dúró de dókítà, ìyá mìíràn lórí bẹ́ǹṣì sọ fún un pé, “Omi ò dáa fún wọn o, àbúrò mi. Tèmi, ife méjì péré lójúmọ́.” Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́. Ọmọbìnrin tirẹ̀ kì í tọ̀ dáadáa mọ́, omi yòówù kó mu, inú ara ló ń dúró sí. Aláṣọ wa délé, ó kó ife kúrò ní àrọ́wọ́tó ọmọ. Ife méjì. Ọmọ ń sunkún omi lóru, ìyá náà ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀, ó rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọ dé. Ojú ti wọnú, ètè ti là, ó ti fi kìlógírámù méjì rù. Kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè di omi mú. Tọ̀sán-tòru ló ń tọ̀, iyọ̀ sì ń bá ìtọ̀ náà lọ. Irú wọn nílò omi púpọ̀, àwọn míì nínú wọn tilẹ̀ nílò kí dókítà fi iyọ̀ kún oúnjẹ wọn. Mo jókòó ti ìyá náà, mo dì í mú, nítorí ó ń wárìrì. “Anti Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “ẹ̀mí ọmọ mi ni mò ń dá dúró ni mo rò.” Mi ò lè bá a wí. Ìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo fún un ní ìgò oníke tí ìlà wà lára rẹ̀, mo ní kó ra ìwé ọmọléèwé kan, a sì jọ fa ìlà sínú rẹ̀: iye kìlógírámù, iye ìtọ̀, iye omi, ìfúnpá, oògùn. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní. Kò gbówó lórí. Òun ló ń sọ òfin tó jẹ́ ti ọmọ yín, yàtọ̀ sí ti ọmọ orí bẹ́ǹṣì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òṣùwọ̀n. Láràárọ̀, bí ọmọ bá ti jí tó sì ti tọ̀, kó tó fi nǹkan kan sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó gun òṣùwọ̀n, aṣọ fúyẹ́ kan náà lọ́rùn, orí ilẹ̀ líle, òṣùwọ̀n kan náà lójoojúmọ́. Lítà omi kan wọn kìlógírámù kan. Kò sí ọmọ tó sanra kìlógírámù kan láàárín ọjọ́ méjì, omi ni. Ó máa ń dùn mí tí àwọn ará àdúgbò bá ń yin ìyá ọmọ, “Ẹ kú ìtọ́jú o, ó ti ń sanra!”, tó sì jẹ́ pé ńṣe ni ọmọ ń wú. Ẹ fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀, ẹ kà dé márùn-ún. Bí ihò bá kù síbẹ̀, ẹ pe ọsibítù.

Ìtọ̀ ńkọ́? Inú ìgò onílà ni kó máa tọ̀ sí nílé, kí ẹ wo ìlà tó dé, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ tó dà á nù. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ gbàgbé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orí ro nọ́ńbà kan kí ojú má baà tì yín. Iye oògùn ni dókítà ń ti inú ìwé yẹn wò.

Ọmọ tí omi ń dúró sí lára ni dókítà máa ń fún ní ìwọ̀n omi. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé wọ́n á mú iye tó tọ̀ lánàá, wọ́n á fi díẹ̀ kún un fún òógùn àti èémí. Ká ní wọ́n ní kó mu 600 mìlílítà lójúmọ́. Láàárọ̀, ẹ bu 600 sínú ìgò kan, ẹ gbé e sórí tábìlì. Tó bá mu ẹ̀kọ 150, ẹ da 150 kúrò nínú ìgò náà sínú omi ìdáná. Ọbẹ̀ olómi, yìnyín, áíìsì kíríìmù, omi tó fi gbé oògùn mì, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ yọ. Ojú ọmọ pàápàá á máa rí iye tó kù, kò ní máa rò pé ẹ̀yin lẹ ń fìyà jẹ òun. Ife kékeré ni kí ẹ lò, kó lè kún. Ẹ jẹ́ kó máa fi omi tútù yọ ẹnu kó sì tu ú dà nù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi òrí pa ètè rẹ̀.

Òùngbẹ fúnra rẹ̀, iyọ̀ ló ń fà á. Iyọ̀ inú ìkòkò nìkan sì kọ́. Májì ńkọ́? Àpò kékeré tó wà nínú ìńdómì ńkọ́? Búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀, gálà tí ẹ̀gbọ́n rà bọ̀ láti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Káún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú, sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ náà ló kún inú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí gbogbo ilé jọ dín iyọ̀ kù, kí ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀, aáyù àti efinrin ṣiṣẹ́ wọn nínú ọbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré lójoojúmọ́ á mọ̀ pé òun ò dà bí ẹgbẹ́ òun. Bàbá tó ní ìfúnpá gíga nínú ilé náà á sì jèrè.

Lẹ́yìn iyọ̀ ni pọ̀táṣíọ̀mù. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ gan-an kì í lè dà á nù mọ́, bó bá sì pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì. Ó pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátì, ẹ̀wà, omi àgbọn, ó sì pọ̀ nínú iṣu. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ yẹra fún un o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ. Àmọ́ bí dókítà bá ti sọ ọ́ fún yín, ẹ gbọ́ bí ẹ ó ṣe máa se iṣu. Ẹ bẹ ẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ din dùńdú fún ọmọ ọwọ́, ẹ bu omi púpọ̀ lé e lórí. Bó bá ti hó dáadáa, ẹ da omi náà nù. Ẹ bu omi tuntun sí i, kó wá jinná nínú ìyẹn, kí ẹ sì tún da ìyẹn nù. Pọ̀táṣíọ̀mù tó pọ̀ á ti bá omi lọ. Ẹ rí i báyìí ìdí tí àsáró fi léwu fún irú ọmọ yìí: gbogbo ohun tó jáde láti inú iṣu ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Iṣu sísun náà ńkọ́, kò sí ohun tó jáde nínú rẹ̀ rárá. Ìrẹsì àti ẹ̀kọ rọrùn fún wọn ju ìwọ̀nyí lọ. Iyọ̀ “onílera” tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì pé sódíọ̀mù rẹ̀ kéré, pọ̀táṣíọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi kan oúnjẹ ọmọ yìí.

Ẹ má sì gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíì á gbọ́ pé ẹran ò dára fún kíndìnrín, ó di pé kí ọmọ máa jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Ọmọdé ń dàgbà, ó nílò ẹja, ẹran, funfun ẹyin, ní ìwọ̀n tí wọ́n bá sọ fún yín.

Ní ti ìfúnpá, bí ẹ bá lágbára àtira ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí aṣọ rẹ̀ bá apá ọmọdé mu. Ti àgbàlagbà tó fẹ̀ jù á máa purọ́ pé ìfúnpá ọmọ kò ga. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àga, kó má sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2009, àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún ọmọ 385 ní ilẹ̀ Yúróòpù. Oògùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò, àmọ́ wọ́n mú ìfúnpá apá kan nínú wọn wálẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nínú àwọn yìí, nǹkan bí 30 nínú 100 ni kíndìnrín wọn ti sọ ìdajì agbára rẹ̀ nù tàbí tó ti dákẹ́. Nínú àwọn tó kù, wọ́n tó 42. Ẹ wo iye ọmọ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn. Nítorí wọn ni mo ṣe ń yọ yín lẹ́nu nípa oògùn tí “ara rẹ̀ ti yá” kò gbọ́dọ̀ mú yín dá dúró.

Oògùn olómi, síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ṣíbí ilé ò dọ́gba. Oògùn tó ń bá fọ́sífọ́rọ̀sì inú oúnjẹ jà, àárín oúnjẹ ni kí ọmọ lò ó, torí inú oúnjẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní prednisolone, ẹ má já a lójijì láéláé. Bí ibà bá mú un, parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jìnnà sí ibuprofen àti diclofenac tí àwọn oníkẹ́míìsì ń dì mọ́ oògùn ara ríro, wọ́n ń pa kíndìnrín tó ti rẹ̀ lára. Ẹ má ra omi oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn tó ti dàgbà nínú yín á rántí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọ tí májèlé wà nínú rẹ̀, tó ba kíndìnrín àwọn ìkókó jẹ́ ní Nàìjíríà níbí. Ó ju 50 lọ tó kú. Lọ́dún 2022, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Gambia.

Àgbo wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ló ń sè é, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nínú ìkòkò náà. Àmọ́ a ò mọ ìwọ̀n ohun tó wà níbẹ̀, kíndìnrín tó yẹ kó da èyí tó pọ̀ jù nù kò sì lágbára mọ́. Ẹ má bá màmá jà. Ẹ mú wọn dání wá sí kílíníìkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí dókítà fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ti rí ìyá àgbà tó ti ibẹ̀ di ẹni tó ń ṣọ́ ìgò omi ju gbogbo ilé lọ. “Ọkọ mi, ó ku ife kan o,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí fún ọmọ náà.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tuntun wá gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí kò lọ sísàlẹ̀ 2 tí kò sì kọjá 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìyá kan gbé tirẹ̀ sínú fírísà ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà nítorí kò síná. Ó dì gbagidi, ó bàjẹ́, owó oṣù kan sì lọ. Bí iná bá lọ, inú kúlà ni, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé yìnyín kó má baà kan ìgò oògùn. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ níbikíbi, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á ní ẹ̀yìn ọwọ́: iṣan apá rẹ̀ ni wọ́n lè lò lọ́jọ́ iwájú fún ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ìfọ̀jẹ̀ yẹn wọ́n, kò sí ìdí tí mo fi máa bo èyí mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, iye owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000. Ẹ béèrè bóyá tiyín wà nínú wọn. Àwọn ẹbí wa tó ń gbé ní London mọ ọ̀nà mìíràn, níbi tí ẹ̀rọ kékeré ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ láti inú ikùn lóru, nínú ilé, kó lè lọ sílé ìwé láàárọ̀. Ọ̀nà yìí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa nítorí owó omi tí wọ́n ń fi sínú ikùn náà. Ilé tó bá ń ṣe é, kí ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ pa fáànù, kí ẹ ti fèrèsé. Bí omi náà bá jáde láti inú ikùn, ẹ gbé báàgì rẹ̀ lé orí ìwé ìròyìn. Bí ẹ kò bá lè ka ìwé náà láti inú omi, kòkòrò ti wọlé. Ẹ mú báàgì náà dání, ó di ọsibítù, lóru ọjọ́ náà.

Àwọn nǹkan míì tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la: kí ọmọ máa mí gúlegúle tàbí kó má lè sùn láìjókòó; kí gìrì mú un; kí orí máa fọ́ ọ gidigidi, kó sọ pé òun ò ríran dáadáa; kó má tọ̀ rárá fún ìdajì ọjọ́, bó bá jẹ́ ẹni tó ń tọ̀; kí ara rẹ̀ rọ jọwọrọ, kí àyà rẹ̀ máa lù ségesège. Bó bá ń bì tàbí tó ń ṣu omi, ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ náà kí wọ́n sọ irú omi tó yẹ àti oògùn tó yẹ kó dúró díẹ̀.

Ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa jẹ́ kó jáde lọ tọ̀ láìtọrọ gáfárà. Ẹ rán an níṣẹ́ bí ẹ ṣe ń rán àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ bá a wí bó bá ṣẹ̀.

Ọmọ aláṣọ yẹn ti pé ọdún 11 nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Dókítà bi ìyá rẹ̀ pé ìtọ̀ lánàá tó mélòó. Kó tó lanu, ọmọ ti fa ìwé yọ láti inú báàgì iléèwé rẹ̀. Ìwé kẹrin ni. Mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ojú ìwé àkọ́kọ́, ìkọ̀wé ọmọdé wẹ́rẹwẹ̀rẹ ni gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. 1,900. 2,100. 1,850. Lọ́jọ́ Àìkú kan, kò sí nọ́ńbà. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni, “Mo gba bọ́ọ̀lù. Mo gbàgbé.”